Aṣọ Ẹbí Tí Kò Ṣeé Rán

Bí ọba bá fẹ́ fi èèyàn joyè nílùú wa, ẹni náà nìkan kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Kí ọjọ́ ìwúyè tó pé, ìyàwó rẹ̀ á ti mú ìwé pélébé kan, á máa kọ orúkọ àwọn tó mú aṣọ ẹbí. Màmá Títí, yáàdì 5 àti gèlè, ó san tán. Bàbá Kọ́lá, yáàdì 6, ó ku ìdajì. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè iye tí kálukú san. Orí tó wé gèlè yẹn, orí tó dé fìlà yẹn, làwọn ará ìlú ń fojú kà. Ìjòyè tí kò rẹ́ni wọṣọ tẹ̀lé e, bó kó gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ayé sọ́rùn, ó dá wà ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé l'Amẹ́ríkà pè. Yunifásítì tó lọ níbẹ̀ fẹ́ dá a lọ́lá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ẹbí, ọ̀rẹ́ àtàwọn tí wọ́n jọ kàwé bá òun gbà á.

"Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi! Àǹkárá lẹ mú ni àbí léèsì?"

"Kò sáṣọ o. Kí kálukú fi ohun tágbára rẹ̀ ká sínú àpò tí wọ́n fi ń ran ọmọ aláìní lọ́wọ́ nílé ìwé náà, ì báà ṣe dọ́là 10."

Ẹ ó dákẹ́ díẹ̀. Oyè wo nìyẹn, tí kò láṣọ, tí kò ní ìrẹsì?

Oyè ni, ó sì ti pẹ́. Lọ́dún 1821, ọ̀gá Williams College ní Massachusetts, Zephaniah Swift Moore, kúrò níbẹ̀ lọ darí iléèwé Amherst, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì bá a lọ. Ọkàn àwọn tó ti jáde kò balẹ̀ mọ́, kí iléèwé wọn má lọ kú. Ni wọ́n bá para pọ̀ di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó pẹ́ jù lọ láyé nìyẹn. Ní 1890, Yunifásítì Yale dá àpò tirẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ àná ń dáwó sí lọ́dọọdún.

Orí làwọn iléèwé yìí náà ń kà. Ìbéèrè wọn ni pé: nínú 100 tó jáde lọ́dọ̀ wa, mélòó ló rántí wa lọ́dún yìí? Ẹni tó mú dọ́là 10 wá, orí kan. Ẹni tó mú mílíọ̀nù kan wá, orí kan náà. Dípò ike ìrántí, rìsíìtì ni wọ́n ń fún un, ó sì lè dín owó orí rẹ̀ kù.

Ibi tí tiwọn ti yà kúrò lára tiwa ni pé wọn kì í jẹ owó náà tán lọ́jọ́ kan. Apá kan wà tó dà bí oko kòkó bàbá ẹni: a kì í gé igi, èso là ń ká. Bí àpò bá tó 100,000 dọ́là, wọ́n á fi í ṣòwò, wọ́n á sì máa yọ nǹkan bíi 4,000 sí 5,000 lọ́dún láti fi kún owó ilé ìwé ọmọ kan. Ọmọ tí yóò jẹ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, a lè má tíì bí i.

Torí náà, bí ẹ̀gbọ́n bá tún pè, ẹ má bi í ní àwọ̀ aṣọ mọ́. Ẹ ní kó kọ orúkọ yín sínú ìwé: dọ́là 10, ó san tán.