Kí Sòbìà Tó Degbò

Òwe kan wà tí a ti gbọ́ láti ìgbà èwe wa pé, "Kí sòbìà tó degbò, olúgànbe ni à á ké sí." Olúgànbe ni ewé tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú sòbìà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ni ó ń pa òwe náà láì rí sòbìà rí. Èyí kì í ṣe àbùkù fún wọn. Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a bi ara wa léèrè bí aràn tí ó ti ń dá àgbẹ̀ dúbúlẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wa ṣe di ohun ìtàn, nítorí àrùn mìíràn wà nínú ilé wa lónìí tí ẹ̀kọ́ náà bá mu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwà sòbìà. Nínú omi adágún tí kì í ṣàn ni kòkòrò kan ń gbé, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi ṣòro láti rí i. Kòkòrò yìí a máa gbé ọmọ sòbìà mì. Bí ènìyàn bá mu omi náà, kòkòrò á kú sínú ikùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ sòbìà kò ní kú. Yóò dá ìfun lu, yóò sì wọ inú ara lọ. Abo rẹ̀ á máa dàgbà níbẹ̀, ó sì lè gùn tó mítà kan. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tí ó gbé e sára kò mọ nǹkan kan. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń jó ní òde ìyàwó. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan ni ara yóò wú, pàápàá ní ẹsẹ̀, tí yóò lé ròrò, tí yóò sì máa ta á bí iná. Ìgbà náà ni aràn yóò yọ orí.

Díẹ̀díẹ̀ ni a ń wé aràn náà mọ́ igi tín-ín-rín lójoojúmọ́, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó jáde tán. Bí ó bá já sínú, egbò á kẹ̀. Kò sí òògùn tí ó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà rẹ̀. Ẹni tí ó sì ṣe lọ́dún yìí tún lè ṣe lọ́dún tí ń bọ̀. Àgbẹ̀ á dùbúlẹ̀ nígbà ìkórè, ọmọ ilé-ìwé á jókòó sílé, ìyá ọlọ́jà kò ní lè dé ọjà. Èyí tí ó burú jù ni pé, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ta aláìsàn, á kì í bọ omi kí ó lè tù ú. Níbẹ̀ ni aràn yóò ti tu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu.

Ní ìlú Idere, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí sòbìà ti da àwọn ènìyàn láàmú gidigidi, ọ̀pọ̀ ni ó gbàgbọ́ pé bí iṣan ti wà lára ni sòbìà wà lára olúkúlùkù láti ọjọ́ ìbí. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí a mu ní èṣí, tí ó wá yọ lẹ́sẹ̀ lọ́dún yìí, ta ni yóò tètè rò pé inú àmù òun ni ó ti wá?

Nígbà tí a ka iye àwọn tí sòbìà ń ṣe ní Nàìjíríà ní 1988, wọ́n ju 650,000 lọ. Nítorí pé kò sí òògùn rẹ̀, ìdí omi ni a gbé ogun náà lọ. A kọ́ àwọn ènìyàn láti fi aṣọ asẹ́ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. A gbẹ́ kànga. A da òògùn apakòkòrò sínú adágún. A sì bẹ ẹni tí aràn yọ lára rẹ̀ pé kí ó má ṣe kẹ́sẹ̀ bọ omi ìlú. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ti jẹ́ olórí ìjọba rí, àti Jimmy Carter, tí ó ti jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó fi ara wọn jìn fún iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i ní 2013 pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ wa. Ó ti jẹ́rìí kan náà fún Benin ní 2009 àti fún Togo ní 2011. Ní 1986, a fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ènìyàn ni sòbìà ń ṣe lọ́dún ní gbogbo ayé. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni.

Sòbìà ti lọ, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò lọ. Àrùn tí à ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ràn, kò sì sí aràn nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ọgbọ́n kan náà ni ó ń dá. Ó lè gbé inú ara fún ọdún púpọ̀ láì dun ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà tí ó ní in ní ayé ju ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù kan lọ, àti pé ó fẹ́rẹ̀ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀. Ọjọ́ tí ó bá yọ orí, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀, tàbí kí ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí kíndìnrín bàjẹ́. Nígbà náà ni ará ilé yóò máa wí pé aráyé ni ó ṣe é, gẹ́gẹ́ bí a ti wí nígbà kan pé iṣan ni sòbìà.

Kí wá ni olúgànbe tirẹ̀? Èkíní ni kí a wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ̀rọ tí a ń dì mọ́ apá kì í pẹ́, kì í sì í dun ni. Bí ó bá ń fi 140 hàn lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ, kí a tọ dókítà lọ. Èkejì, kí gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó ṣíbí kékeré kan tí a fi ń po tíì, ti inú magí sì wà nínú ìṣirò náà. Ẹ̀kẹta, kí a máa rìn, kí a dín ọtí kù, kí a jáwọ́ nínú tábà. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí dókítà bá fún ní òògùn, kí ó má ṣe pa á tì nítorí pé kò sí ohun tí ó ń dùn ún. Kò sí ohun tí ó ń dùn ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ òògùn pàápàá. Àìdunni kì í ṣe àìsí àrùn.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ta ni nínú yín tí kì í ka owó títí gbèsè yóò fi ba ìsọ̀ jẹ́? Alaalẹ́ ni ẹ ń ṣírò ọjà. Ẹ ṣírò ara yín pẹ̀lú. Kì í ṣe ìdí egbò ni a ti ṣẹ́gun sòbìà. Ìdí àmù ni, nígbà tí omi ṣì mọ́ lójú tí kò sì tíì dun ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí, kí ó kà á sí etí ìyá àti bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀wé, kí ó sì mú wọn lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.