Ilé Ìkàwé Àjọni: Ohun Tí Ẹgbẹ́ Wa Lè Rí Kọ́ Lára Europeana

Níbi tí a ti ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò káàkiri, a dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí ikán ti jẹ ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé rẹ̀ àti ìwé ìṣirò owó ọdún 8. Bàbá àgbàlagbà kan wá béèrè owó ìpín rẹ̀. Gbogbo ilé mọ̀ pé bàbá dá owó náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ iye rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló wà, inú àpótí kan ṣoṣo ló sì wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn ará Yúróòpù ṣe so ilé ìkàwé wọn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ọmọ ìlú ń lò ó láìsan kọ́bọ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilé iṣẹ́ Google kéde pé òun yóò ya ìwé inú àwọn ilé ìkàwé ńlá kan ní Amẹ́ríkà àti Oxford sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gbẹ́ni Jean-Noël Jeanneney, tó jẹ́ olórí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Faransé nígbà náà, ké gbàjarè pé bí a bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò bo èdè yòókù mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2005, Ààrẹ Jacques Chirac ti ilẹ̀ Faransé àti àwọn olórí Jámánì, Ítálì, Sípéènì, Pólándì àti Họ́ngárì kọ̀wé sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pé kí wọ́n dá ilé ìkàwé àjọni sílẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n ṣí i. Europeana ni orúkọ rẹ̀.

Èrò tó ya wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju agbára ẹ̀rọ lọ. Ìbéèrè bíi mílíọ̀nù 10 ló ń wọlé ní wákàtí kan, ni ẹ̀rọ bá dákú. Wọ́n tì í, wọ́n fi kún agbára rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣí kí ọdún tó parí. Ohun bíi mílíọ̀nù 2 ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó ti ju mílíọ̀nù 50 lọ báyìí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹnì kan lè rò pé ńṣe ni wọ́n kó gbogbo ìwé Yúróòpù lọ sí ibì kan. Rárá o. Ilé ìkàwé tàbí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ọ̀kan ló ni ohun rẹ̀, òun náà ló ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó ń fi ránṣẹ́ ni àkọsílẹ̀: orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ọdún, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti ọ̀nà tí a ó gbà dé ibi tó wà. Ó dà bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ olókòó wa: kòkó wà nínú ilé ìkẹ́rù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìwé Yúníọ̀nù ló ń sọ iye àpò tó wà níbi gbogbo.

Àwọn ilé kéékèèké kì í sábà bá Europeana lò ní tààrà. Ní Sípéènì, Hispana ló ń gba àkọsílẹ̀ wọn jọ. Ní Jámánì, Deutsche Digitale Bibliothek ni. Ẹni tó mọ bí ẹgbẹ́ abúlé ṣe ń wọ Yúníọ̀nù, tí Yúníọ̀nù sì ń wọ Àpapọ̀, ti mọ̀ ọ́n ná. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ní láti kọ àkọsílẹ̀ bákan náà. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń fi àpò ka kòkó, tí èkejì ń fi tọ́ọ̀nù kà á, Yúníọ̀nù kò ní rí i rò pọ̀.

Ìṣòro rẹ̀

Èkíní, ìdáwó kò dọ́gba: nígbà tí wọ́n ṣí i, ó ju ìdajì ohun inú rẹ̀ lọ tó wá láti ilẹ̀ Faransé nìkan. Èkejì ni ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ní Yúróòpù, ẹ̀tọ́ náà wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé; òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 náà fi ọdún 70 sí i. Ẹ̀kẹta ni ìwé tí a kò mọ olóhun rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2012, Yúróòpù ṣòfin pé ilé ìkàwé lè gbé e jáde bí ó bá ti fi tọkàntọkàn wá olóhun tí kò rí i. Bí olóhun bá yọjú, wọn ó san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un.

Àwa ńkọ́?

Ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà. Ìtàn àwọn àgbẹ̀ wa láti ìgbà náà wà nínú àpótí àwọn akọ̀wé, ikán sì ń jẹ ẹ́ lọ. A kò ní láti dúró de owó ńlá. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ìwé tó ní àti ọdún wọn sílẹ̀. Kí a fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi àwòrán náà pamọ́ sí ibi 2, ó kéré tán. Kí Yúníọ̀nù gba àkọsílẹ̀ náà jọ lórí fọ́ọ̀mù kan náà.

A ní láti kìlọ̀ o: òfin ẹgbẹ́ àti ìtàn ẹgbẹ́ ṣeé fi han aráyé, ṣùgbọ́n iye tí ọmọ ẹgbẹ́ ní àti gbèsè tó jẹ kò ṣeé fi han ẹnikẹ́ni. Ìwé owó ní láti wà lábẹ́ àgádágodo, lórí kọ̀ǹpútà náà.

Bàbá àgbàlagbà yẹn ṣì ń retí owó rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan lọ ṣí àpótí rẹ̀ wò kí òjò tó dé.