Ta Ló Yẹ Kó Dájọ́ Fáàfù Tó Tẹ̀?

Bí bẹ́líìtì táímìn bá já lórí eré, tí pístínnì sì gbá fáàfù, èsì mẹ́ta ni oníbàárà lè gbà nínú ọgbà mẹkáníìkì kan ṣoṣo. Ọ̀gá kan á ní kí wọ́n yọ èyí tó tẹ̀, kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n gráìndì ìyókù. Òmíràn á ní bí fáàfù bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, gbogbo mẹ́rìndínlógún ni kó lọ. Ẹnì kẹta kì í fa ọ̀rọ̀ gùn: ẹ mówó wá, ká lọ gbé top cylinder tòkúnbọ̀ ní ọjà Ladipo l'Ékòó. Lóde òní, ẹnì kẹta yìí ló sábà ń borí. Kò dájú pé ìmọ̀ ló fi ń borí.

Oníṣẹ́ kan wà láàárín wọn tí oníbàárà kì í sábà fojú kàn: ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù mọ́ṣíìnì. Mẹkáníìkì ló ń tú top cylinder, ọmọ iṣẹ́ ló ń gbé e lọ, àmọ́ ẹni yìí ló ń fi òkúta gé ìjókòó fáàfù, tó ń pààrọ̀ gáìdì, tó sì ń fá ojú top cylinder títí á fi tẹ́jú. Bí ìjọba ṣe kó gbogbo wọn kúrò lẹ́bàá títì wọ inú ọgbà, ìtàn tó ti sú ni. Ọgbà yẹn kó àwọn oníṣẹ́ jọ. Kò kó ìdájọ́ wọn jọ.

Fáàfù tí èéfín ń gbà jáde lè gbóná kọjá 700°C nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Ìjókòó rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà ń gbà kúrò lára rẹ̀, ní ìwọ̀nba ìgbà tó bá fi wà ní pípadé. Bí méjèèjì kò bá wọnú ara wọn yí ká, iná á máa gba àlàfo tó ṣẹ́kù, etí fáàfù á sì máa jó díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi pọ̀ lórí bí a ṣe ń mú kí ojú méjèèjì bára mu.

Àwọn àgbà iṣẹ́ gbà pé ọwọ́ ni ọ̀gá. Wọ́n á fi péésìtì sí ojú fáàfù, wọ́n á ki igi tó ní rọ́bà lẹ́nu mọ́ ọn, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i síwá sẹ́yìn títí òrùka eérú kan á fi hàn lójú rẹ̀ yí po. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ top cylinder lélẹ̀, wọ́n á da kẹrosíìnì sínú ihò tó wà lẹ́yìn fáàfù, wọ́n á sì wò ó bóyá ó ń sun jáde. Bí kò bá sun, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí, kẹrosíìnì kì í parọ́.

Ó ń parọ́ díẹ̀. Inú òtútù ni wọ́n ti dán an wò. Inú iná ni fáàfù yóò ti ṣiṣẹ́. Ibi tí kẹrosíìnì kò ráyè gbà lónìí, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó fún pọ̀ lè ráyè gbà á lọ́la. Kẹrosíìnì kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé gáìdì ti fẹ̀, pé igi fáàfù ń mì nínú rẹ̀, tí kì í fi padà sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn onímọ́ṣíìnì kò gba ti péésìtì gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ti fẹ́ bára mu tẹ́lẹ̀ nìkan ni péésìtì lè tún ṣe. Bí ìjókòó bá ti wọ́, àfi kí wọ́n tún un gé, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ní ìgun 45°. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ní òkúta lọ́wọ́ kò ní ṣàì rí ohun tó fẹ́ gé. Àwọn fáàfù kan sì tún wà láyé ìsinsìnyí tí wọ́n fi ohun líle tó tín-ínrín bò lójú. Péésìtì á kàn bó ìyẹn dànù ni.

Lójú tèmi, ìjà ọwọ́ àti mọ́ṣíìnì yìí kọ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ta ló wọn nǹkan kó tó fọwọ́ kàn án? Ojú títẹ́ top cylinder ọ̀pọ̀ Toyota, 0.05 mm ni wọ́n gbà á láyè mọ, kò sì sí ojú èèyàn tó lè rí ìyẹn. Rúlà irin tó tọ́ dáadáa àti fílà géèjì ló lè rí i. Fáàfù tó tẹ̀ díẹ̀, ẹ yí i lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, orí rẹ̀ á máa ta gọ́ọ́-gọ̀ọ̀-gọ́ọ́. Èyí tí etí rẹ̀ ti tín-ínrín jù, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, bó ti wù kó máa dán tó. Ìyẹn ló yẹ kó parí ìjà ẹni tó ní ká yọ ọ̀kan àti ẹni tó ní ká yọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí bẹ́líìtì já, ojú kan ni camshaft dúró sí. Àwọn fáàfù tó wà ní ṣíṣí lásìkò náà ni pístínnì gbá. Èyí tí kò farapa tó sì péye lórí ìwọ̀n lè padà síbi tó ti wà. Síìlì wọn nìkan ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá padà.

Àgbà iṣẹ́ kò ṣàdédé di ẹni tí kì í wọn nǹkan. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ mú wọn gbówọ́ kò fìyà bẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, ṣéènì ló ní. Volkswagen Ìjàpá, gíà ni. Bẹ́líìtì tí ń já lójú ọ̀nà kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ Japan gba ìgboro, tiwọn kò tún rí bákan náà: ẹ́ńjìnnì 5S-FE ti Toyota, bí bẹ́líìtì rẹ̀ já, pístínnì kò ní kan fáàfù, F22 ti Honda, wọ́n á gbára wọn. Ọ̀gá tó fi ojú ti àkọ́kọ́ wo ìkejì á kàn fi bẹ́líìtì tuntun sí i ni, á ṣáná sí i, á sì máa bú púlọ́ọ̀gì.

Epo náà yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà tí Thomas Midgley, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ti ṣàwárí ní 1921 pé lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n pò mọ́ epo kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kan nínú, lẹ́ẹ̀dì yìí kan náà ló ń bo ìjókòó fáàfù, tí ń gbà á lọ́wọ́ jíjẹ. Ìpàdé Dakar lórí epo tó ní lẹ́ẹ̀dì wáyé ní 2001, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2006, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ìjókòó rẹ̀ kò le, fáàfù á máa rì sínú rẹ̀, àlàfo tó wà lókè fáàfù á máa tán, títí kò fi ní lè padé mọ́. Top cylinder alumíníọ̀mù tòde òní, òrùka irin líle ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀, kò nílò lẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń di gbogbo fáàfù tó bá jó ru epo.

Ká wá padà sí tòkúnbọ̀. Oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó yá. Mẹkáníìkì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kò sí ẹni tó máa bi í léèrè bó ṣe ṣe é, àwọn aláròyé sì ní kọ́míṣàn náà kò burú. Àmọ́ kí ló dé tí wọ́n fi yọ ọ́ lára ọkọ̀ níbi tó ti wá? Bóyá ọkọ̀ náà kọlu ògiri, ìyẹn dáa. Bóyá omi tán nínú rédíétọ̀, ó gbóná títí alumíníọ̀mù fi wọ́, ìyẹn kò dáa rárá. Ẹni tó ń tà á kò mọ̀, kò sì ní gbà kí ẹ tú sípíríǹgì níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Fáàfù ẹlòmíràn lẹ ń rà láti fi rọ́pò fáàfù tiyín.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti yanjú gbogbo èyí. Skánà á kọ P0301, ìyẹn ni pé epo inú ilé pístínnì àkọ́kọ́ kò jóná bó ṣe yẹ. Kò mọ̀ bóyá púlọ́ọ̀gì ni, tàbí kọ́ìlì, tàbí fáàfù. Ohun tó lè sọ ọ́ ni kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ilé náà nígbà tí fáàfù rẹ̀ wà ní pípadé: bó bá ń tú jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni, bó bá ń tú jáde níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, fáàfù kejì ni, bó bá jẹ́ ojú ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, rìńgì pístínnì ni. Fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ ọgbà ní afẹ́fẹ́ tó tó o ṣe. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n lọ yá a.

Ẹ má retí pé ìwé ẹ̀rí á sọ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan fún yín. Ọmọ iṣẹ́ lè lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, kí ẹgbẹ́ wá jẹun, kó má tíì fọwọ́ ara rẹ̀ gé ìjókòó fáàfù rí, torí ìta ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Trade test Grade I tó wà lára ògiri kò kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ẹni tó ni í lè ka fílà géèjì. Bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́, mẹkáníìkì á nawọ́ sí onímọ́ṣíìnì, onímọ́ṣíìnì á nawọ́ sí ẹni tó ta fáàfù, ẹni yẹn á ní ọjà tí wọ́n ti dè mọ́ ẹ́ńjìnnì, òun kì í gbà á padà.

Àwọn ọ̀gá díẹ̀ wà tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n gáìdì, etí fáàfù àti ojú top cylinder sínú ìwé kí wọ́n tó dárúkọ iye tí iṣẹ́ máa jẹ́. Wọ́n máa ń gba owó yẹn lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló máa ń bi wọ́n pé owó kí ni, nígbà tí wọn ò tíì tún nǹkan kan ṣe.