Àgolo Sàdíìnì àti Àpò Àlùbọ́sà

Ní ṣọ́ọ̀bù kan létí ọjà Owódé, nílùú Ọ̀fà, níbi tí mo ti máa ń ra èròjà ọbẹ̀ ẹyin, nǹkan méjì wà tí mo máa ń wò pọ̀. Ọ̀kan ni àgolo sàdíìnì tí wọ́n tò jọ sórí pẹpẹ. Yí àgolo náà po, wàá rí i lára ọ̀pọ̀ nínú wọn pé Mòrókò ni wọ́n ti ṣe é. Ìkejì ni àpò àlùbọ́sà tí wọ́n tú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, tí èèpo gbígbẹ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ọ̀kadà bá ti kọjá. Mo bi Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù léèrè ibi tí àlùbọ́sà ti ń wá. Ó ní nígbà mìíràn, Kẹ́bí tàbí Sókótó ni. Nígbà mìíràn, òdìkejì bodè ni, láti Nìjẹ̀r. Ó wá rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin akọ̀wé lẹ mọ bodè o, ọmọ mi. Èmi, ẹni tó ń gbé e wá ni mo mọ̀."

Àríyànjiyàn tó ti ń lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 2017 ló wà nínú àgolo àti àpò yẹn. Lóṣù Kejì ọdún náà, Mòrókò kọ̀wé pé òun fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lóṣù Kẹfà, níbi ìpàdé wọn ní Monrovia, àwọn olórí ní kò burú, ó ku kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Àbújá lóṣù Kejìlá, wọ́n sún un síwájú, ó sì ti ń falẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀wẹ̀, ní 29 Oṣù Kìíní 2025, Nìjẹ̀r, Málì àti Bùkínà Fasò jáde nínú ẹgbẹ́. Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn, ẹni mẹ́ta ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ta ló yẹ ká kọ́kọ́ dá lóhùn? Mo fẹ́ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ní ìhà méjèèjì.

Ká kọ́kọ́ rántí bí ilé náà ṣe rí. Ní 28 Oṣù Karùn-ún 1975, l'Ékòó, orílẹ̀-èdè 15 tọwọ́ bọ̀wé dá a sílẹ̀. Cape Verde wọlé láìpẹ́ sígbà náà, kò sì tún sí ẹni tó wọlé mọ́. Mọritáníà jáde ní 2000, kí àwọn mẹ́ta yìí tó tẹ̀ lé e. Ní àádọ́ta ọdún, ẹnì kan wọlé, ẹni mẹ́rin jáde, ó ku 12.

Ọ̀fà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó dá ECOWAS sílẹ̀ ni àwọn èèyàn wa, pẹ̀lú ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, ti ń pàtẹ ní àríwá Gánà. Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Ẹni tó ti bímọ síbẹ̀, tó ti kọ́lé síbẹ̀, di ẹni tó ń ta ẹrù rẹ̀ ní iyekíye kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1979, ECOWAS ṣe òfin ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ẹnìkejì fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Síbẹ̀, ní 1983, àwa náà lé ará Gánà. Báàgì onílà tí a ń pè ní Ghana Must Go ṣì wà lórí káńbọ́ọ̀dù wa di òní olónìí, ẹlẹ́rìí tí kò lẹ́nu. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé ìwé nìkan kì í gba èèyàn là, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé kankan kò ní ibi tí yóò dúró sí fi ṣàròyé. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn ni mo fẹ́ fi ṣe ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ààlà. Mòrókò kò bá orílẹ̀-èdè ECOWAS kankan pààlà. Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà àti Mọritáníà ló wà láàrin òun àti Sẹ̀nẹ̀gà, Mọritáníà yìí sì ti jáde. Nínú ẹkùn márùn-ún tí àwọn olórí Áfíríkà pín ilẹ̀ wa sí, Àríwá ni wọ́n ka Mòrókò mọ́. Ẹni tó fẹ́ gbèjà rẹ̀ lè sọ pé Cape Verde náà kò bá ẹnikẹ́ni pààlà, omi ló yí i ká; òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbé Nìjẹ̀r sí ìhà kejì. Ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà ju 1,500 kìlómítà lọ, láti Kẹ́bí títí dé Bọ̀nọ́. Haúsá tí wọ́n ń sọ ní Kàtsínà ni wọ́n ń sọ ní Maradi. Ilẹ̀ àwọn mẹ́ta tó jáde yìí ju ìdajì gbogbo ilẹ̀ ECOWAS àtijọ́ lọ. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Agbébọn tó bá fara pamọ́ sí Sahel kì í béèrè ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ àti ẹni tó ti jáde kó tó sọdá. Ará ilé ni Nìjẹ̀r, bó bínú, bí kò bínú.

Bí a bá dé orí owó, Mòrókò ló wúwo. Ọba Mohammed VI wá sí Àbújá lóṣù Kejìlá 2016, àdéhùn àjùmọ̀ṣe lórí ajílẹ̀ sì jáde níbẹ̀, nítorí fọ́sífeeti pọ̀ nílẹ̀ wọn. Àwọn báńkì wọn ti fìdí múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ECOWAS tó ń sọ Faransé. Àwọn tó fẹ́ kó wọlé ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, pé ọlọ́rọ̀ tó bá wá bá ni dáwó, a kì í lé e. Àwọn tí kò fẹ́ náà kò dákẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn tó ti ṣe aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè rí, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí tó ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, gbogbo wọn ló kìlọ̀. Ìdí wọn kò ṣòro lóye. Mòrókò ti bá Yúróòpù ṣàdéhùn ọjà ọ̀fẹ́, ó bá Amẹ́ríkà ṣe é, ó sì bá Tọ́kì ṣe é. Bó bá wọ ẹgbẹ́ wa, ọjà wọn lè gba ẹ̀yìnkùlé Mòrókò wọlé láìsan owó bodè. Lóòótọ́, òfin wà pé kí wọ́n fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ọjà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rìn lójú bodè mọ̀ pé òǹtẹ̀ yá ju ẹ̀rí lọ. Ìhà kejì, Nìjẹ̀r kò ní báńkì tó fẹ́ rà wá. Àlùbọ́sà, ẹ̀wà, màlúù àti àgbò iléyá ni ó ń kó wá. Kò tó nǹkan nínú ìwé ìṣirò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó tó nǹkan nínú ìkòkò.

Ẹsẹ̀ wá ńkọ́? Èmi kò tíì rí ará Mòrókò tó yá ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀fà. Àgolo wọn ló ń dá nìkan rìnrìn àjò. Àmọ́ àwọn ará Nìjẹ̀r ti ń bá wa pàtẹ tipẹ́, Yorùbá náà sì ń gbé ní Niamey, ní Bamako àti ní Ouagadougou, tí wọ́n ń ta ọjà, tí wọ́n ń tọ́ ọmọ. Bí Mòrókò bá wọlé, ó di dandan kó ṣí ilẹ̀ rẹ̀ fún wa fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìsí físà. Ṣé yóò ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa tó ń dé ibẹ̀, Sípéènì ni wọ́n ń wò lókè omi, Yúróòpù sì ń wo Mòrókò pé kó bá òun ṣọ́ ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn, ó ṣòro kó ṣí i sílẹ̀ gbayawu fún àwa.

Lórí ìgbọràn sí òfin ẹgbẹ́, ìhà kankan kò mọ́ tónítóní. Ní 26 Oṣù Keje 2023, àwọn ọmọ ogun fipá gbàjọba ní Niamey. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, ECOWAS ti bodè pa, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná wọn. Ọkọ̀ ẹrù tò bẹẹrẹ ní Malanville, ní ìhà Bẹ̀nẹ̀ẹ̀. Ebi kò pa àwọn ológun. Ẹni tó ní ẹrù lọ́kọ̀ ló gba ọ̀pá náà lẹ́yìn. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn mẹ́ta dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní 28 Oṣù Kìíní 2024, wọ́n ní ó dìgbóṣe. Nígbà tí ECOWAS fi máa gbé ìjìyà Nìjẹ̀r kúrò lóṣù Kejì, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀bẹ̀. Mòrókò náà mọ bí wọ́n ṣe ń bínú jáde. Ní 1984, ó fi àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ nítorí pé wọ́n gba àwọn Sàhárà tó fẹ́ dá dúró sínú ìgbìmọ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó padà, lóṣù Kìíní 2017, oṣù kan péré kó tó kọ̀wé sí ECOWAS. Ọ̀rọ̀ Sàhárà kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tó ṣe àwọn mẹ́ta náà láǹfààní: ẹni tó bá bínú lọ lè padà wá, bí ilẹ̀kùn kò bá tì.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti gbé irú òṣùwọ̀n yìí rí. Ní 1987, Mòrókò yìí kan náà lọ kanlẹ̀kùn Yúróòpù, wọ́n ní kì í ṣe ará Yúróòpù. Tọ́kì kanlẹ̀kùn lọ́dún kan náà, ìta ló ṣì wà. Ní 1993, Yúróòpù kọ ohun tí ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní sílẹ̀, gbogbo ayé sì kà á. Ní 2004, wọ́n gba orílẹ̀-èdè mẹ́wàá wọlé lọ́jọ́ kan. Ẹgbẹ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà gba Kóńgò Kinshasa wọlé ní 2022 nígbà tí iná ń jó lápá ìlà-oòrùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ẹgbẹ́ náà kó lọ síbẹ̀ ní láti kúrò kí 2023 tó parí. Ẹni tó gba àlejò gba ẹrù orí rẹ̀ pẹ̀lú.

Nàìjíríà gan-an ti tẹsẹ̀ bọ ọ̀nà méjèèjì. Ìlérí Mòrókò ni ọ̀pá tí yóò gbé gáàsì gba etíkun lọ, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ìhà Nìjẹ̀r ni reluwé láti Kánò lọ sí Maradi, tí wọ́n ṣí iṣẹ́ rẹ̀ ní 2021, tí àwọn kan sì bú ìjọba lé lórí. Ìlú tí reluwé tó dé Ìlọrin ní 1908 gbà kọjá ni Ọ̀fà, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá ń ṣe ojúsàájú díẹ̀. Gáàsì inú ọ̀pá kì í bọ́ sílẹ̀ rajà lójú ọ̀nà. Èrò reluwé máa ń bọ́ sílẹ̀. Níbi tó bá ti bọ́ sílẹ̀ ni ìlú ti ń gbèrú.

Ibi tí òṣùwọ̀n mi já sí nìyí. Mòrókò kì í ṣe ọ̀tá, owó rẹ̀ kò sì rùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá lọ́dọ̀ wa, ọjà ni, àdéhùn ọjà sì tó o: ìlànà ọjà ọ̀fẹ́ gbogbo Áfíríkà ti wà nílẹ̀, ká jókòó, ká sọ ọ́ ní ìlà-ìlà, ẹrù wo ló lè wọlé, èwo ni kò lè wọlé. Sàdíìnì kò nílò ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kó tó dé Ọ̀fà. Ó ti dé. Àlùbọ́sà àti ẹni tó gbé e ni wọ́n nílò rẹ̀, nítorí èèyàn ló ń gbé e sọdá. Lẹ́yìn tí àwọn mẹ́ta jáde, ECOWAS ní kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn láyè títí a ó fi gbọ́ nǹkan mìíràn. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n "títí a ó fi gbọ́" kì í ṣe ibùgbé. Kí wọ́n sọ ọ́ di àdéhùn tó dúró, kódà bí àwọn ológun kò bá tíì ṣe tán láti padà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Nígbà tí mo sọ èyí fún Alhaja, kò dá mi lóhùn. Ó ń ṣa àwọn àlùbọ́sà tó ti rọ̀ kúrò nínú àpò, ó ń dà wọ́n sí abọ́ kan lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dínwó. Ó ní ọkọ̀ tó gbé e wá pẹ́ lọ́nà. Ó nawọ́ mú àgolo sàdíìnì kan, ó fi aṣọ nu eruku orí rẹ̀, ó gbé e padà sórí pẹpẹ. Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀ ṣì ku ọdún méjì.

"Èyí lè dúró dè wọ́n," ó ní, ó sì padà sídìí àpò.