Ìwé Tí Nọ́ọ̀sì Ń Gbé Wá Fún Ọmọ Ọwọ́

Ọmọ oṣù méje kò mọ A yàtọ̀ sí B. Bí a bá gbé ìwé lé e lọ́wọ́, ẹnu ni yóò kọ́kọ́ kì í bọ̀. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń pín ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bookstart ni wọ́n ń pe ètò náà.

Ìlú Birmingham ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1992. BookTrust, àjọ aláàánú tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1921 nítorí ọ̀rọ̀ ìwé kíkà, ló pawọ́ pọ̀ mọ́ ilé ìkàwé ìlú náà àti àwọn elétò ìlera ibẹ̀. Wendy Cooling, obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ rí, ni èrò náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ó rí ọmọ ọdún márùn-ún kan lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé: wọ́n fún un ní ìwé, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ohun tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ lórí itan ìyá ni wọ́n ń retí pé kí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀.

Ta ni yóò wá gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ ìyá? Ibí ni ọgbọ́n ètò náà wà. Ọ̀pọ̀ ìyá tó nílò rẹ̀ jù lọ kì í yà sí ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Àwọn nọ́ọ̀sì kan sì wà tí wọ́n ń pè ní health visitor, tí iṣẹ́ wọn ni láti máa bẹ ọmọ ọwọ́ wò nílé. Wọn kì í ṣe àlejò lójú ìyá. Nígbà àyẹ̀wò ọmọ oṣù méje sí mẹ́sàn-án ni ìdílé 300 àkọ́kọ́ gba àpò tiwọn: ìwé wà nínú rẹ̀, káàdì ewì wà níbẹ̀, ìwé ìpè sí ilé ìkàwé náà kò gbẹ́yìn.

Barrie Wade àti Maggie Moore, olùwádìí ní Birmingham, tẹ̀ lé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n wọ ilé ìwé, wọ́n ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ìwé kíkà, àní nínú ìṣirò pàápàá. Àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, ṣùgbọ́n ètò náà tàn káàkiri. Nígbà tí ìjọba sọ ní December 2010 pé òun kò ní náwó sí i mọ́, àwọn òǹkọ̀wé fariga, Philip Pullman wà lára wọn; kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba fi yí ohùn padà.

Kì í ṣe bébà ló ń ṣiṣẹ́ nínú àpò náà, ẹnu òbí ni. Ìwé kàn ń fún ìyá ní ohun tí yóò bá ọmọ sọ ni. Ìdí nìyí tí a fi máa ń gba òbí níyànjú láti lo èdè tó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá Yorùbá tó wà ní Peckham nílùú London kò ní láti bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ òun jẹ́.

Nílé níbí, ìdajì iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀. Ìyá ń ki ọmọ ní oríkì láàárọ̀, ìyá àgbà ń pàlọ́. Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì á dá orin, àwọn ìyá á gbè é, ọmọ á wà lẹ́yìn wọn. Etí ọmọ ti jẹun yó. Ojú rẹ̀ ni kò tíì rí nǹkan jẹ. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ gan-an ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé ìwé alápèjúwe sí.

Kó tó dìgbà náà, kàlẹ́ńdà ara ògiri tó. Ẹ gbé ọmọ dúró síwájú rẹ̀, ẹ tọ́ka sí àwòrán, ẹ bi í pé, "Ta nìyí?" Kí ẹ sì dúró kó dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "gùú" nìkan ló máa wí.