Lórí Ìkúnlẹ̀ Ni Wọ́n Ti Kọ́ Ọmọ Mi Ní Rọ́gíbì

Bí ọmọ bá ti pápá dé tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ìyá rẹ̀ kì í béèrè ẹni tó borí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi nìyẹn ní ìlú Huddersfield, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2024. Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ń fi rọ́gíbì ṣeré pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí koríko kan. Kò sí àgbà níbẹ̀. Ó fẹ́ dá ọmọ tó ń sáré bọ̀ dúró, ó ki orí bọ iwájú orúnkún ọmọ náà. Gbì! Nígbà tó délé, òòyì ń kọ́ ọ, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Dókítà sọ fún wa pé ọpọlọ rẹ̀ mì nínú agbárí. Ó ní kí ó sinmi, kí ó padà sí ẹ̀kọ́ àti eré díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni díje kí ọjọ́ 21 tó pé, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí ìjọba ibẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2023. Ìyá rẹ̀ kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé nítorí kí wọ́n lè fọ́ orí ọmọ yìí la ṣe wá sí Ìlú Ọba?" Ẹnu mi wọ̀.

Nígbà tí ara ọmọ yá, mo ká ẹ̀wù tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé àdúgbò wa fún un sínú ọ̀rá, mo ní kí n lọ dá a padà. Àgbàlagbà kan ló ń kọ́ wọn. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó gba ọ̀rá náà, ó fi kọ́ ẹnu géètì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró wo iṣẹ́ tòní. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọ̀rá yín rèé." Mo dúró. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ rò fún yín, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tíṣà.

Eré àwọn òṣìṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú eré tó jẹ́. Oríṣi rọ́gíbì méjì ló wà. Èyí tí mò ń sọ, rọ́gíbì líìgì, Huddersfield yìí gan-an ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ní Hòtẹ́ẹ̀lì George, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1895. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe eré náà ní àríwá jẹ́ òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà èdú àti ilé ìhunṣọ. Bí wọ́n bá lọ ṣeré ní ọjọ́ Sátidé, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà bọ́ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ní kí a san án padà fún wọn. Àwọn tó ń ṣàkóso eré kọ̀ jálẹ̀. Ni ẹgbẹ́ 22 bá ya kúrò. Ẹ̀yin oníṣòwò kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tí ọjọ́ ọjà kan jẹ́ bí ènìyàn bá pàdánù rẹ̀.

Ènìyàn 13 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù náà, tó rí gùǹgùn bí ẹyin. Iwájú ni ẹsẹ̀ ń sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí. Bí àwọn alátakò bá di ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mú, yóò dìde, yóò fi bọ́ọ̀lù lélẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn fún ẹnìkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá dì wọ́n mú lẹ́ẹ̀mẹfà, bọ́ọ̀lù di ti ìhà kejì. Ẹni tó bá fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò gba àmì 4. Tráì ni wọ́n ń pè é.

Lajú, gbé àgbọ̀n sókè, orí sẹ́yìn

Mo rò pé wọn yóò máa sáré lu ara wọn ni. Rárá o. Ọ̀gá náà ní kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀ ní méjì-méjì. Ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà. Èkejì fi èjìká kàn án ní ìbàdí, ó gbé orí sí ẹ̀yìn ìdí rẹ̀, ó wa ọwọ́ méjèèjì yí i ká, ó fún un pinpin, ó sì rọra tì í ṣubú. Ọ̀gá ń kígbe pé, "Lajú! Gbé àgbọ̀n sókè! Orí sẹ́yìn!" Ìdí rẹ̀ ni pé bí orí bá wà níwájú ẹni tó ń bọ̀, orúnkún yóò gbá a, tàbí kí gbogbo ara ẹni náà wó lé e. Bí ó bá wà lẹ́yìn, ẹni tó di ènìyàn mú ni yóò wà lókè nígbà tí wọ́n bá ṣubú.

Ìgbà tí ìkúnlẹ̀ mọ́ wọn lára ni wọ́n tó lóṣòó. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan ń rìn bọ̀, lẹ́yìn náà ó ń sáré díẹ̀, ìkẹyìn ni eré àsápajúdé. Èjìká ọ̀tún, èjìká òsì, bákan náà ni wọ́n ń ṣe é, nítorí ẹni tó ń sáré bọ̀ kò ní bi ọ́ léèrè èyí tó wù ọ́. Àwọn tó gbé bọ́ọ̀lù pàápàá ń kọ́ ìṣubú: apá méjèèjì mọ́ bọ́ọ̀lù, àgbọ̀n mọ́ àyà, kí wọ́n má fi ọwọ́ tilẹ̀ kí ọrùn ọwọ́ má baà dá.

Ó pe èmi náà. "Ẹ bọ́ kóòtù, ẹ kúnlẹ̀." Ó gbé tìmùtìmù dání. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, orí mi bọ́ sí iwájú! Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ rí i? Ẹ dijú. Ẹ̀rù ló ń mú ni dijú, ẹni tó bá sì dijú kò mọ ibi tí orí òun wà." Mo wo ọmọ mi, mo sì mọ ohun tó ṣe é lórí koríko lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe àìlágbára. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni.

Ọ̀gá náà kì í to ọmọ 20 sí ìlà kan kí 19 máa wòran. Mẹ́rin-mẹ́rin ni, bọ́ọ̀lù kan fún wọn, kí ọwọ́ olúkúlùkù lè kàn án nígbà púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù á na ìka díẹ̀ sókè, ẹni tó fẹ́ jù ú á kígbe iye ìka náà kó tó jù ú. Báyìí ni ọmọ ṣe ń gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn èyí ni méjì sí ọ̀kan, nínú igun mẹ́rin tí kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ 10 lọ. Méjì ní bọ́ọ̀lù, ẹnìkan ń dènà. Bí o bá tètè jù ú, ẹni tó ń dènà á fi ọ́ sílẹ̀, á lọ pàdé ẹnìkejì rẹ. Bí o bá pẹ́ jù, o ti kó sí pańpẹ́. Sá tọ̀ ọ́ títí yóò fi dojú kọ ìwọ nìkan, kí o tó jù ú. Èyí kò ṣeé fi ẹnu kọ́ni; àfi kí ọmọ ṣe é, kí ó kùnà, kí ó tún un ṣe.

Ọjọ́ ìdíje

Mo gbé ẹ̀wù náà padà wálé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá ọmọ bá wa lọ sí ìdíje, ó ká ọwọ́ lérí. Ọmọkùnrin gìrìwò kan gbé bọ́ọ̀lù, ó dojú kọ ọmọ wa tààrà. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń pe Jésù. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó lajú sílẹ̀, ó fi èjìká kan itan rẹ̀, orí bọ́ sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ṣubú, tiwa wà lókè. Wọ́n pàdánù ìdíje ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò béèrè iye àmì. Ó ní, "Orí rẹ ńkọ́?" Ọmọ dáhùn pé, "Ẹ̀yìn ni mo gbé e sí, Mọ́mì." Ó ní, "Ibẹ̀ náà ni kí o máa gbé e sí."

N kò sọ pé ewu ti tán. Nítorí orí àwọn ọmọ ni àwọn aláṣẹ eré náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fẹnu kò ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé kí ibi tí a ti lè di ènìyàn mú sọ̀kalẹ̀ láti èjìká wá sí abíyá. Bí orí ọmọ bá sì gbá, kí ó jáde kúrò ní pápá lójú ẹsẹ̀, kí ó má padà wọlé lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ń sunkún.

Eré yìí ti dé ilé wa pẹ̀lú. Ní ọdún 2019, Nàìjíríà borí Morocco ní ìlú Èkó, ó sì gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wá díje. Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà tí àwọn ọmọ bá wá bá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù gùǹgùn yìí, ẹ má kàn fun fèrè kí ẹ ní kí wọ́n lọ kọlu ara wọn. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ṣé bí ọmọdé ṣe ń rákòrò kó tó dìde náà nìyẹn.

Ọ̀rá tí mo fẹ́ fi dá ẹ̀wù padà ńkọ́? Òun ni mo fi ń kó àwọn rọ́bà àmì lọ sí pápá fún ọ̀gá náà báyìí, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ.