Bí Ìbàràpá Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Sòbìà: Ohun Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin onílé ní Igbó-Ọrà, Èrúwà, Ìdèrè àti gbogbo Ìbàràpá, àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe ni à ń ké sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹ ń tọ́ lónìí mọ òwe náà, ṣùgbọ́n wọn kò rí sòbìà rí. Ó yẹ kí wọ́n mọ bí ó ṣe lọ.

Nínú omi adágún tí a ń pọn mu ni sòbìà ti ń wọ ara. Kòkòrò tíntìntín kan nínú omi ni ó ń gbé ọmọ aràn náà. Ní bí ọdún kan lẹ́yìn tí ènìyàn bá mu ún, aràn tí ó lè gùn tó mítà kan yóò máa yọ jáde, lọ́pọ̀ ìgbà ní ẹsẹ̀. Bí aláìsàn bá ti ẹsẹ̀ náà bọ omi kí ó lè tù ú, aràn yóò tú ọmọ sínú omi mímu gbogbo ìlú. Bí ó bá sì dá ìyá ọlọ́mọ dùbúlẹ̀, ta ni yóò ro oko? Ta ni yóò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Títí di òní, kò sí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó kápá sòbìà. Kí ni ó wá ṣẹ́gun rẹ̀?

Àwọn ará ìlú fúnra wọn

Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera àwùjọ ní Igbó-Ọrà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn olùkọ́ni nípa ìlera láti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìdèrè. Ọmọ ìlú àti ará abà ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́. Nígbà tí asẹ́ aláṣọ náílọ́ọ̀nù dé ní àwọn ọdún 1980, aránṣọ àdúgbò ni ó ń rán an. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ni ó sì ń tà á fún aládùúgbò wọn. Bí a bá fi bo ẹnu ìkòkò, omi a kọjá, kòkòrò a kù sókè.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn ká Nàìjíríà. Ní 1988, iye aláìsàn tí a kà ju 650,000 lọ. Ní oṣù kọkànlá 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Iṣẹ́ tí ó kù

Ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì ṣì ń pa ọmọ. Kòkòrò tiwọn kéré púpọ̀, asẹ́ kò lè dá a dúró. Ẹ máa se omi kí ó hó dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ohun tí ẹ ní:

1. Ta ni bíríkìlà ládùúgbò yín? Ó lè mọ ẹnu kànga yín ga, kí ó sì ṣe ìdérí sí i.

2. Ẹgbẹ́ ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì lè kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára.

3. Bí ara ìyá kò bá yá, ìyá àgbà tàbí orogún rẹ̀ lè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ojúṣe ìjọba ni omi ẹ̀rọ àti oògùn, ẹ má ṣe dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń bèèrè, ẹ dé kànga yín lónìí.